Ẹ Ka Orí Ọmọ Kí Ẹ Tó Ka Èsì CEP

 

Lọ́dọọdún tí èsì CEP bá ti jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gba ẹnu gbogbo èèyàn. Wọ́n á to àwọn ìpínlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, ta ló ṣe ìkíní, ta ló gbẹ̀yìn. Wọ́n á to àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kó tó di ọ̀sán, èébú á ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ọmọ oko kò lórí ìwé. Wọ́n á ní olùkọ́ ìjọba kò níṣẹ́ méjì ju kó máa tẹ fóònù lọ. Wọ́n á ní ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, kó yára mú un kúrò nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Àwa olùkọ́ tó wà nínú kíláàsì máa ń ka gbogbo rẹ̀, a sì máa ń dákẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, a ó fèsì.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò le. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ ń pín kiri kò sọ irú ọmọ tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kò sọ iye àwọn tó já sọ́nà. Kò sì sọ pé èdè tí wọn kò gbọ́ dáadáa ni wọ́n fi dán wọn wò. Ẹni tí kò bá ka nǹkan mẹ́ta yìí kò tíì ka èsì kankan. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń bú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ méjì wà. Ìkíní gba ọmọ 100 sí CI. Nígbà tí wọ́n máa fi dé CM2, 30 péré ló kù. Nínú 30 yìí, 28 yege. Ìkejì náà gba ọmọ 100 sí CI. Àwọn 70 ló dé CM2, 49 sì yege. Lórí ìwé, ilé-ẹ̀kọ́ ìkíní gba ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún, ìkejì gba ìdá 70. Àwọn tó ń to orúkọ á gbé ìkíní gẹṣin, wọ́n á ní kí ìkejì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí àwọn òbí fà lé wọn lọ́wọ́, mélòó ló gba ìwé ẹ̀rí? 28 níbì kan, 49 níbì kejì. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún wa, èwo ló ṣiṣẹ́?

Àwọn 70 tó já sọ́nà nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìkíní kò sí nínú ìdá kankan. Kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n mọ́. Òmíràn wà nídìí ìgò epo kpayo lẹ́bàá títì. Òmíràn wà lóko. Òmíràn ti di ọmọ ọ̀dọ̀ ní Kútọ̀nú tàbí ní Èkó. Àwọn gan-an lèsì ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ kò lè rí wọn nínú ìwé tí ẹ ń gbé kiri.

Èyí tó burú jù ni pé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ń tan èèyàn sínú ìwà tí kò dáa. Bó bá jẹ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún nìkan la ó fi máa yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀nà tó yá jù fún un ni kó dá àwọn ọmọ tí kò yá dúró ní CM1, tàbí kó pe òbí wọn kó ní kí wọ́n wá ibòmíràn lọ. Èsì á gòkè. Ọmọ á lọ sóko. Aráàlú á sì pàtẹ́wọ́.

Ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí wọ́n fi ń ṣáátá wa ńkọ́? A kò bá wọn jà, àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà ti ṣa ọmọ fún wọn kí wọ́n tó kọ lẹ́tà kan sójú pátákó. Ọmọ tó wọlé síbẹ̀, ẹnì kan nílé rẹ̀ lè ka ìwé, iná wà nílé rẹ̀, ó jẹun kó tó jáde. Ẹni tó ṣa ẹ̀wà kó tó sè é, kó má ṣáátá ìkòkò ẹni tó se gbogbo èyí tí wọ́n gbé wá. Ní tiwa, a kì í lé ẹnì kan padà, kò sì yẹ ká lé ẹnì kan padà. Òfin tó ga jù lọ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èyí tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ. Gbogbo ọmọ ni, kì í ṣe ọmọ tó ti gbọ́ Faransé nílé nìkan.

Ó dáa, ẹ wá wo àwọn tó jókòó síwájú wa. Ní agbègbè Kétu, nínú kíláàsì CI kan ṣoṣo, ẹ lè bá ọmọ ọdún márùn-ún tí ìyá rẹ̀ mú wá nítorí kò rẹ́ni bá a tọ́jú rẹ̀ nílé, kí ẹ sì bá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́yìn màlúù. Ọmọ Kétu wà níbẹ̀, ọmọ Ọ̀họ̀rí wà níbẹ̀, Máhì àti Fọ̀n wà níbẹ̀, Fúlàní wà níbẹ̀. Bàbá ẹnì kan ń dáko òwú, ìyá ẹlòmíràn ń ta tòmátì. Òmíràn ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà nítorí pé àwọn òbí rẹ̀ wà ní Nàìjíríà. Òmíràn ti ka ìwé ọdún méjì ní Ìmẹ̀kọ, Gẹ̀ẹ́sì ló fi mọ lẹ́tà, a sì ní kó padà wá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ọjà ọ̀pọ̀ ìyá ọmọ wa kú. Ìwé àti bírò ọmọ wà lára ohun tó kọ́kọ́ wọ́n nílé.

Ilé-ẹ̀kọ́ jìnnà sí ilé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lórí ilẹ̀ amọ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí, bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ọ̀nà á di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn kò ní dé. Òjò náà ló sì ń gbé àgbàdo wá. Láti oṣù kẹta, bí ilẹ̀ bá ti tutù, wọ́n á mú ọmọ lọ gbìn ín, wọ́n á tún mú un lọ ro ó. Ìgbà yẹn gan-an ni CM2 ń múra ìdánwò. A kò bú àgbẹ̀ o. Oúnjẹ ni gbogbo wa ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi kàlẹ́ńdà ilé-ẹ̀kọ́ lélẹ̀ kò bi òjò Kétu léèrè.

Tọmọbìnrin tún yàtọ̀. Ó ti pọnmi, ó ti gbálẹ̀, ó ti kiri ẹ̀kọ tàbí àkàrà kó tó wá sọ́dọ̀ wa, oorun á sì máa kùn ún kí agogo mẹ́wàá tó lù. Bó bá dé CM1 tí ara rẹ̀ ń yí padà, tí ilé-ẹ̀kọ́ kò sì ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ilẹ̀kùn, yóò máa pa ọjọ́ jẹ lóṣooṣù. Lẹ́yìn náà, yóò dúró sílé pátápátá. Wọ́n á ní kò fẹ́ràn ìwé.

A tún ní àwọn ọmọ tí ìjọba kò mọ̀ pé wọ́n bí wọn. Ọmọ á kàwé dé CM2 láìsí wàhálà. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ fún CEP la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé kò níwèé ìbí. Bàbá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò dé ọ̀dọ̀ mérì, láti ọ̀dọ̀ mérì dé ilé-ẹjọ́, owó zémìjàn á sì máa lọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006 ni ìjọba Ààrẹ Boni Yayi sọ pé kí òbí má sanwó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ohun rere ni. Ọmọ tí kì bá má rí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ rí wọlé. Ṣùgbọ́n ọmọ ń pọ̀ sí i, ilé kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, olùkọ́ kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ wà ní títì pa. Àwọn òbí ló ń wá ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BEPC, tí wọ́n ń dáwó jọ fún un kó lè dúró ti ọmọ wọn. Lónìí, ọ̀pọ̀ tó dúró níwájú ọmọ ni AME, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti àdéhùn, tí wọn kò sì mọ̀ bóyá ibí ni wọ́n á wà lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ.

A kò sọ pé kò sí olùkọ́ ọ̀lẹ. Ó wà. Ọ̀lẹ wà nínú dókítà, ó wà nínú àlùfáà. Ẹ bá wa fà á lé alábòójútó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé ohun kan fún wa. Nínú kíláàsì kan náà, lábẹ́ olùkọ́ kan náà, kí ló dé tí ọmọ olùkọ́, ọmọ nọ́ọ̀sì àti ọmọ òṣìṣẹ́ mérì fi máa ń yege, tí ọmọ àgbẹ̀ tó jókòó tì í á sì kùnà? Ṣé olùkọ́ náà ń ṣọ̀lẹ lápá kan àga, tó ń ṣiṣẹ́ lápá kejì ni?

Ìdáhùn rẹ̀ ni èdè. Òde, ìyà, ebi, gbogbo rẹ̀ wúwo, a sì ti kà wọ́n. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tó ń já ọmọ wa lulẹ̀ jù ni pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ní CI, èdè tí kò gbọ́ ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀, èdè yẹn náà ni wọ́n sì ń retí kó fi ka ìwé, kó fi ṣírò, kó fi ronú.

Ẹ mú ọmọ ọdún mọ́kànlá kan nínú ọjà Kétu. Ẹ kó náírà fún un, kó ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà, kó yọ owó ọkọ̀, kó sọ iye tí ìyá rẹ̀ jẹ lérè. Kí ẹ tó pajú pẹ́, ó ti dáhùn. Ó mọ ojú owó, ó mọ èrè, ó mọ àdánù, ó mọ ẹ̀dínwó. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé ìṣirò kan náà síwájú rẹ̀ lórí ìwé ìdánwò: « prix d'achat », « frais de transport », « prix de revient », « bénéfice ». Yóò dúró, yóò máa wò yín. Ó mọ ìṣirò, kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í ni. A ó fún un ní òdo, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò mọ « mathématiques ». Irọ́ ni ìwé náà ń pa.

Àwọn àgbà tó ń kà wá rántí « signal » dáadáa. Egungun ni tàbí igi tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́. Yóò gbé e kọ́rùn títí tí yóò fi rí ẹlòmíràn mú. Wọ́n ní ó ti tán. Ó tán lọ́rùn, kò tán lọ́kàn. Títí dòní, ọmọ tó bá ní « mẹ́ẹ̀tìrì, mo fẹ́ tọ̀ » lédè Yorùbá lè rí ìbínú dípò àyè láti jáde. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó mọ̀ pé bí òun bá lanu wọ́n á nà òun á kọ́ láti panu mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdánwò CEP ń fẹ́ ẹni tó lè la ẹnu.

A mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní, « Ọmọ mi kò lọ sílé-ẹ̀kọ́ láti lọ kọ́ Yorùbá, ó ti gbọ́ ọ nílé. Faransé ni mo fẹ́. » Àwa náà ń fẹ́ Faransé. Faransé la fi kàwé, òun la fi ń jẹun, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù. Ohun tí a ń sọ ni ọ̀nà tí ọmọ lè gbà dé ìdí rẹ̀. Ẹ wo ilé kéwú. Ààfáà á kọ Lárúbáwá sí wàláà, ọmọ á kà á, Ààfáà á sì fi Yorùbá túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ṣé ẹ ti gbọ́ ẹnì kan rí tó ní Yorùbá náà ni kò jẹ́ kí ọmọ òun mọ Lárúbáwá? Ohun tí àwọn baba wa ti ń ṣe ní ilé kéwú, òun la sọ di èèwọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Módákẹ́kẹ́, wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò pẹ̀lú àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ẹ̀kọ́ bí ìṣe wọn, àwọn ọmọ Yorùbá yẹn ta wọ́n yọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Èdè wa ni, kì í ṣe èdè ẹlòmíràn. Wọ́n sì kọ ìwé ìṣirò àti ìwé sáyẹ́ǹsì rẹ̀ lédè yìí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ ró.

Ẹ tún wo ìdánwò PASEC ọdún 2014, tí orílẹ̀-èdè 10 ṣe, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú wọn. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké tó wà níbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, Bùrúndì ló ṣíwájú. Bùrúndì kò lówó tó wa. Ṣùgbọ́n Kírúńdì ni àwọn ọmọ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé, òun náà ni wọ́n sì fi dán wọn wò. Ẹnì kan lè sọ pé gbogbo ará Bùrúndì ló ń sọ èdè kan ṣoṣo, pé tiwa yàtọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ abúlé wa, èdè kan ni gbogbo ọmọ ń fi ṣeré níta nígbà ìsinmi. Èdè tí wọ́n fi ń ṣeré náà ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Níbi tí Máhì bá ti pọ̀ jù, kí wọ́n fi Máhì bẹ̀rẹ̀. A kò bẹ̀bẹ̀ fún Yorùbá kí ó gun orí ẹnì kankan.

Òmíràn á bi wá pé Yorùbá wo. Ti Kétu ni, àbí ti Ṣábẹ̀ẹ́, àbí ti Ọ̀yọ́? Ọmọ á fi ti ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, yóò sì kọ́ èyí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé díẹ̀díẹ̀. Faransé tí wọ́n ń sọ ní Kútọ̀nú kì í ṣe ti Paris, ẹnikẹ́ni kò tìtorí bẹ́ẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Àwọn kan sì ń jà lójoojúmọ́ lórí bóyá ɛ la ó kọ tàbí ẹ, bóyá ɔ tàbí ọ. Bí wọ́n ṣe ń jà, ọmọ kò rí èyíkéyìí kọ́ nínú méjèèjì.

Òmíràn ní òǹkà Yorùbá ti le jù. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kà á. Ọgọ́rin, ogún mẹ́rin ni. Faransé ní « quatre-vingts », ogún mẹ́rin náà ni. Nígbà tí ọmọ wa bá dé orí 80 lédè Faransé, ìdí òǹkà baba rẹ̀ ló padà sí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi hàn án. Olùkọ́ tó bá fi ọgọ́ta, ọgọ́rin àti ọgọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀, « quatre-vingts » kò ní di ìdènà fún ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ìjọba náà mọ gbogbo èyí. Ní ọdún 1975, lábẹ́ Kérékou, « École nouvelle » fẹ́ mú èdè ìbílẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́. Kí ọdún 1990 tó dé, ètò náà ti wó. Òfin tó ga jù lọ sọ pé kálukú ní òmìnira láti sọ èdè rẹ̀ kó sì kọ ọ́, ó sì pa á láṣẹ fún ìjọba kó mú àwọn èdè wa dàgbà. Nígbà tí ètò ELAN bẹ̀rẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ wà lára orílẹ̀-èdè 8 àkọ́kọ́ tó ń dán èdè ìbílẹ̀ pẹ̀lú Faransé wò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ̀kọ́ irú èyí wọ kò pọ̀. Lálẹ́, ìjọba kan náà ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà láti ka Yorùbá kí wọ́n sì kọ ọ́. Láàárọ̀, wọ́n ní kí ọmọ ìyá kan náà má sọ ọ́. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Tógò, àtúnṣe ilé-ẹ̀kọ́ ti ọdún 1975 yan Éwé àti Kabíyè. Ọmọ Ifẹ̀ ní Atakpamé kò bá èdè tirẹ̀ níbẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin ọmọ wa tó ti dẹni ńlá ní Kútọ̀nú, ní Àjàṣẹ́, àti lókè òkun. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ẹ ń bú ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ ti kó ọmọ tiyín kúrò níbẹ̀, ẹ sì ti ní kí wọ́n má sọ Yorùbá nílé. Ìgbà tí ọmọ yín kò sí níbẹ̀ mọ́ ni ẹ kò wá sípàdé òbí mọ́, ni ẹnu yín kò sì dé etí mérì mọ́ lórí òrùlé tó ń jò. Àwọn tí ohùn wọn kò dún ló kù síbẹ̀, ẹ wá ń fi èsì wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ń kọ́ ilé alájà sí Kétu àti sí Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ kú oríire o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Kí la wá ń fẹ́? A kò béèrè ohun tí apá kò ká.

Àkọ́kọ́, kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kọ nǹkan mẹ́rin sójú pátákó ní ọjọ́ tí èsì bá jáde: iye ọmọ tó wọ CI nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀, iye tó dé CM2, iye tó ṣe ìdánwò, iye tó yege. Kí wọ́n kọ tọmọkùnrin sọ́tọ̀, kí wọ́n kọ tọmọbìnrin sọ́tọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí, ẹ béèrè rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ìkejì, kí àwọn aláṣẹ gba olùkọ́ CI àti CP láàyè ní gbangba láti fi èdè ọmọ ṣàlàyé ohun tó ń kọ́ ọ, kí wọ́n sì mú ètò èdè méjì dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Títí wọ́n á fi ṣe é, ẹ̀yin òbí, ẹ má fẹ̀sùn kan olùkọ́ tó bá fi Yorùbá ṣàlàyé ìyọkúrò fún ọmọ yín. Ẹ kí i kú iṣẹ́.

Ìkẹta, kí a wo ìwé ìbí ọmọ ní CI, kì í ṣe ní CM2. Olórí àdúgbò, ẹgbẹ́ òbí àti ọ́fíìsì mérì lè parí rẹ̀ láàárín oṣù kan bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti wọlé.

Ìkẹrin, láti ọdún 1999 ni òfin ti fi kíkọ́ àti àtúnṣe ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé mérì lọ́wọ́. Nígbà ìbò, ẹ bi ẹni tó bá wá béèrè ìbò yín pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mélòó ló kọ́ fún àwọn ọmọbìnrin wa.

Ìkarùn-ún, ẹ̀yin tó ń fún ẹni tó ṣe ìkíní ní ẹ̀bùn lọ́dọọdún, ẹ ṣeun. Ẹ tún wá ẹ̀bùn kan fún ilé-ẹ̀kọ́ tó mú ọmọ púpọ̀ jù dé CM2 láti inú àwọn tó gbà ní CI. Ẹ ó rí i pé ìwà àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ á yí padà kí ọdún méjì tó pé.

Èsì mìíràn á tún jáde lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á sì tún to orúkọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e síta, ẹ bi í léèrè ìbéèrè kan ṣoṣo kí ẹ tó bá a ṣọ̀rọ̀: ọmọ mélòó ló jọ wọlé pẹ̀lú àwọn tó yege yìí, níbo ni àwọn yòókù sì wà? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ wádìí rẹ̀ wá. Àwọn ọmọ yẹn lórúkọ, wọ́n sì níyàá.